Máàkì Gíga àti Ilẹ̀kùn Yunifásítì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tí ó bá dúró ní àárín Ọjà Ọba ní ìlú Ìlọrin ní òwúrọ̀, tí ó sì wo bí èrò ti ń wọlé, yóò rí i pé òtítọ́ ni òwe náà. Àwọn kan ń ti Pàkátà bọ̀, àwọn kan ń ti Gàmbàrí bọ̀, àwọn mìíràn sì ń ti òdìkejì odò Asà bọ̀. Nígbà tí gbogbo wọn bá dé ọjà tán, ẹnikẹ́ni kì í bi wọ́n léèrè pé ọ̀nà wo ni wọ́n gbà wá. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá di ti ilé-ẹ̀kọ́ gíga, a máa ń gbàgbé òwe yìí. Ọmọ tí ó mọ̀wé jù lọ nínú kíláàsì ni ó sì máa ń gbàgbé rẹ̀ jù lọ, nítorí pé kò tíì kan ilẹ̀kùn kan rí tí kò ṣí fún un.

Ìbéèrè kan ni ẹ̀kọ́ wa òní dá lé lórí: bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá mọ̀wé púpọ̀, ǹjẹ́ ó dájú pé yunifásítì tí gbogbo ènìyàn ń wá yóò gbà á? Ìdáhùn mi ni pé kò dájú. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìdí rẹ̀ nísinsìnyí tí ẹ ṣì jókòó níwájú mi, kí ó má baà jẹ́ pé ọjọ́ tí orúkọ bá jáde ni ẹ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ ọ.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọbìnrin kan wà nínú kíláàsì tí mo ń kọ́. Télọ̀ ni bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ń ta ẹ̀lùbọ́. Láti ìgbà tí ọmọ náà ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ wa títí ó fi jáde, kò sí ìgbà kan tí ó ṣe ipò kejì. Bí mo bá fún wọn ní àròkọ láti kọ, tirẹ̀ ni mo máa ń fi sí ìsàlẹ̀ pátápátá, kí n lè fi í sinmi lẹ́yìn tí mo bá ti ka ti àwọn yòókù tán. Àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì pàápàá kò yé sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ kan, bí mo ti ń dá ìwé padà fún wọn, mo pè é ní “Dókítà” níwájú kíláàsì. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Kò pẹ́ tí gbogbo àdúgbò wọn fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ń kọjá lọ pọn omi, àwọn ìyá a máa kí i pé, “Dókítà wa, o kú iṣẹ́ o.”

Nígbà tí ìdánwò WAEC dé, ó gba A nínú iṣẹ́ méje. Nínú ìdánwò JAMB, ó gba 291 nínú 400. Ó yan ẹ̀kọ́ ìṣègùn òyìnbó ní ọ̀kan nínú àwọn yunifásítì tí èrò pọ̀ sí jù lọ. Nígbà tí ó tún kan ibi kejì tí a ní kí ó yàn, ẹ̀kọ́ ìṣègùn náà ni ó tún kọ síbẹ̀. Orúkọ jáde, a kò rí tirẹ̀. A tún dúró, orúkọ mìíràn jáde, a kò rí tirẹ̀ síbẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bímọ. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ pé, ilé kún, a ń jẹ, a ń mu. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin yìí ti ilẹ̀kùn yàrá mọ́ ara rẹ̀, nítorí pé kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe òun ní Dókítà mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, bàbá rẹ̀ wá sí ilé mi. Kò tíì jókòó dáadáa tí ó fi sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ọ̀gá tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi pa mọ́ fún mi. Ta ni wọ́n fún ní àyè ọmọ mi?”

Èmi náà kò ní èsì kan lẹ́nu. Ni mo bá mú ìwé àti bírò, mo wí pé, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí a jọ kà á.” Bí a ti kà á ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo fẹ́ kà á fún yín lónìí, ṣùgbọ́n iye ti ọdún 2024 ni n ó lò, kí ó lè bá ìgbà yín mu.

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí a wo iye àwọn tí ń du àyè. Ní ọdún 2024, èsì àwọn 1,842,464 ni JAMB kọ́kọ́ gbé jáde. Nínú wọn, àwọn 1,402,490 kò gba tó 200 nínú 400. Àwọn 439,974 ni ó gba 200 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn 77,070 ni ó gba 250 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn 8,401 péré ni ó sì gba 300 sókè. Bí a bá pín in wẹ́wẹ́, a ó rí i pé nínú ẹgbẹ̀rún ènìyàn, nǹkan bí ènìyàn 42 ni ó gba 250 sókè, ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún ni ó sì gba 300 sókè.

Nítorí náà, ẹni tí ó gba 291 wà lókè. Àwọn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ pọ̀ ju àwọn tí ó wà níwájú rẹ̀ lọ fíìfíì. Ẹnikẹ́ni tí ó bá pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní olódo, irọ́ ni ó pa. Ṣùgbọ́n ẹ yí ọ̀rọ̀ náà sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Àwọn ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ó lé tí ó gba 300 sókè wọ̀nyí, níbo ni wọ́n ń lọ? Wọn kò fọ́n ká orí gbogbo ẹ̀kọ́ àti gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ bí ẹni fọ́n irúgbìn sóko. Ẹ̀kọ́ ìṣègùn, ẹ̀kọ́ òfin, ẹ̀kọ́ ìpoògùn, ẹ̀kọ́ ìtọ́jú aláìsàn àti iṣẹ́ ẹ̀rọ ni púpọ̀ nínú wọn ń wá. Yunifásítì díẹ̀ náà ni wọ́n sì ń fojú sí. Yunifásítì Ìlọrin jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn yunifásítì wọ̀nyí, nítorí pé ó ti pẹ́ tí ó ti wà lára àwọn tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń yàn jù lọ ní gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà.

Bẹ́ẹ̀ ni yunifásítì kò lè gba iye tí ó bá wù ú sí ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Ìgbìmọ̀ tí ń ṣe àkóso iṣẹ́ dókítà ní ilẹ̀ wa ni ó ń fi iye kan lélẹ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí agbára rẹ̀ ti tó láti kọ́ni dáadáa. Bí ẹgbẹ̀rún ọmọ tí ó dára bá dé ẹnu ọ̀nà tí àyè kò sì ju ọgọ́rùn-ún lọ, ọgọ́rùn-ún ni yóò wọlé. Àwọn ẹgbẹ̀rún kan dín ọgọ́rùn-ún tí ó kù kò di òmùgọ̀ ní ọjọ́ náà. Àyè ni kò tó.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ẹ mú nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyí. Máàkì kì í dá ṣílẹ̀kùn. 291 kan náà lè jẹ́ ti ẹni àkọ́kọ́ nínú ẹ̀kọ́ kan, kí ó sì jẹ́ ti ẹni ọgọ́rùn-ún méjì nínú ẹ̀kọ́ mìíràn. Ohun tí ń ṣílẹ̀kùn ni ipò tí máàkì náà fún ọ láàárín àwọn tí ẹ jọ kan ilẹ̀kùn kan náà. Ẹ má sì jẹ́ kí iye tí a ń kéde lọ́dọọdún tàn yín jẹ. Ní ọdún 2024, 140 ni wọ́n fi ṣe òpin ìsàlẹ̀ fún yunifásítì. Ní ọdún 2025, wọ́n sọ ọ́ di 150. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tí kò bá gba tó bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ wọlé. Kò túmọ̀ sí pé ẹni tí ó bá gbà tó bẹ́ẹ̀ ti wọlé.

Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ jẹ́ kí a wo bí wọ́n ti ń pín àyè. Ní àwọn yunifásítì ìjọba àpapọ̀, ọ̀nà mẹ́ta ni ìlànà pín àyè sí. Nínú àyè 100, 45 wà fún àwọn tí máàkì wọn ga jù lọ, ibi yòówù kí wọ́n ti wá. 35 wà fún àwọn ọmọ ìpínlẹ̀ tí a kà sí àdúgbò yunifásítì náà. 20 tí ó kù wà fún àwọn ọmọ ìpínlẹ̀ tí ìjọba kà sí ibi tí ètò ẹ̀kọ́ kò tíì gbilẹ̀ tó. Kwara wà lára àdúgbò Yunifásítì Ìlọrin, ó sì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí ìpín kẹta wà fún.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan ṣe àlàyé rẹ̀. Ká ní ẹ̀kọ́ kan ní àyè 100 ní Yunifásítì Ìlọrin, tí ọmọ Kwara kan sì ṣe ipò 60 láàárín gbogbo àwọn tí ó wá ẹ̀kọ́ náà. Ìpín kìn-ín-ní yóò tán lórí ẹni 45, kò ní kàn án. Nígbà tí a bá wá bẹ̀rẹ̀ ìpín kejì, àwọn ọmọ àdúgbò nìkan ni a ó máa kà láti ipò 46 lọ sísàlẹ̀. Bí mẹ́jọ bá wà nínú wọn ṣáájú rẹ̀, òun ni yóò ṣe ìkẹsàn-án nínú ẹni 35, yóò sì wọlé. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin kan tí ó ṣe ipò 46, tí ìpínlẹ̀ rẹ̀ kò sí nínú ìpín kejì, tí kò sì sí nínú ìpín kẹta, lè wà níta. Nísinsìnyí, ẹ gbé ọmọ Kwara yìí kan náà, pẹ̀lú máàkì rẹ̀ kan náà, lọ sí yunifásítì kan tí kò ka Kwara sí àdúgbò rẹ̀. Ìpín kejì ti pa dé mọ́ ọn. Ìpín kìn-ín-ní àti ìpín kẹta nìkan ni ó kù tí ó lè gbà wọlé. Ọmọ kan náà ni, máàkì kan náà ni, ṣùgbọ́n àǹfààní rẹ̀ kò rí bákan náà mọ́.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò béèrè pé, “Ǹjẹ́ èyí tọ́?” Ìbéèrè rere ni, kò sì yẹ kí a fi ìbínú dáhùn rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo bí ẹ̀kọ́ ti ṣe dé ilẹ̀ wa. Ní ọdún 1859 ni ìjọ CMS dá ilé-ẹ̀kọ́ girama sílẹ̀ ní Èkó. Ní apá Àríwá, ọdún 1921 ni ìjọba dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga Katsina sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí Barewa lónìí. Ọdún 62 ni ó wà láàárín méjèèjì. Nígbà tí yunifásítì kọ́lẹ́ẹ̀jì bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1948, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 104 láti ilé-ẹ̀kọ́ gíga Yábàá ni a fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ibi tí ilé-ẹ̀kọ́ girama ti kọ́kọ́ fìdí múlẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ti ń wá, bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Ẹni tí ó ṣe ìlànà pínpín àyè rò ó pé, bí a bá fi máàkì nìkan ṣe é, àwọn tí ó ti ṣáájú ni yóò máa ṣáájú títí láé. Èyí jẹ́ òtítọ́ kan. Òtítọ́ kejì ni pé ọmọ tí ó ṣe ipò 46, tí ó sì wà níta, kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe òun ni ó pín ilé-ẹ̀kọ́ ní ọdún 1859. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ìlànà yìí gbọ́dọ̀ mú òtítọ́ méjèèjì dání.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ètò JAMB ní ìdí tirẹ̀. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1978, yunifásítì kọ̀ọ̀kan ni ó ń dá gba akẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀. Ọmọ kan tí ó mọ̀wé lè gba ìwé ìgbaniwọlé mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó sì lo ẹyọ kan. Àwọn àyè tí kò lò yóò ṣófo fún ìgbà pípẹ́, nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń jókòó sílé. Láti tún èyí ṣe ni a fi kó ìdánwò àti ìpín àyè sí ojú kan.

Kì í sì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Ní Amẹ́ríkà, yunifásítì Harvard gba ìwé ìbéèrè 54,008 fún àwọn tí yóò wọlé ní ọdún 2024. Àwọn 1,937 ni ó gbà, èyí tí kò tó 4 nínú 100. Púpọ̀ nínú àwọn tí a kò gbà ni ó jẹ́ olórí kíláàsì ní ilé-ẹ̀kọ́ tiwọn. Ní ilẹ̀ Ṣáínà, ó lé ní mílíọ̀nù 13 ọmọ tí ó forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò ìwọlé ní ọdún 2024 kan náà. Níbẹ̀ pẹ̀lú, yunifásítì a máa pín àyè fún ẹkùn kọ̀ọ̀kan, tí máàkì tí ó gba ọmọ ẹkùn kan wọlé kò fi ní tó fún ọmọ ẹkùn mìíràn. Níbi gbogbo tí àwọn tí ó mọ̀wé bá ti pọ̀ ju àyè lọ, kíkà ni ń bẹ níbẹ̀.

Nígbà tí a kà á dé ibí yìí, bàbá ọmọbìnrin náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wí pé, “Kò sí ẹni tí ó gba àyè rẹ̀, nígbà náà?” Mo dá a lóhùn pé, “Bàbá, n kò sọ pé kò sí èrú ní ayé yìí. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá kọ́kọ́ ka iye, kò lè mọ ibi tí èrú wà. Ohun tí iye yìí fi hàn ni pé àyè náà kò tíì fìgbà kan jẹ́ tirẹ̀. Àwa ni a sọ fún un pé tirẹ̀ ni.” Bí mo ti sọ ọ́ tán ni ọ̀rọ̀ náà padà gún èmi fúnra mi lọ́kàn. Ta ni “àwa” yẹn? Èmi ni mo pè é ní Dókítà. Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ́ ọ lẹ́yìn náà, n kò sì fi wákàtí kan ṣoṣo jókòó kà á fún un pé mélòó ni àyè, àti pé mélòó ni ó ń du ú.

Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ó tún ìdánwò náà ṣe. Ní ọjọ́ tí ó fẹ́ lọ forúkọ sílẹ̀, mo ní kí ó kọ́kọ́ wá. Ó fa òpó mẹ́rin sínú ìwé rẹ̀. Nínú èkíní, ó kọ ẹ̀kọ́ tí ó fẹ́. Nínú èkejì, yunifásítì. Nínú ẹ̀kẹta, máàkì tí ó kéré jù lọ tí ó wọlé síbẹ̀ ní ọdún tí ó kọjá. Nínú ẹ̀kẹrin, ìpín tí ọmọ Kwara lè bá wọlé níbẹ̀. Kí ó tó kọ ohunkóhun sí òpó èkíní, mo bi í pé, “Ẹ̀kọ́ ìṣègùn yìí, kí ni ó mú ọ fẹ́ràn rẹ̀?” Ó wo ilẹ̀, ó ní, “N kò rò ó rí, sà. Ẹ̀yin ni ẹ kọ́kọ́ pè mí bẹ́ẹ̀.” Nígbà tí a wá jọ sọ ọ́ dáadáa, mo rí i pé kẹ́mísìrì ni ọkàn rẹ̀ wà sí jù lọ, àti pé bí oògùn ti ń ṣiṣẹ́ nínú ara ni ó máa ń fẹ́ mọ̀. Ẹ̀kọ́ ìpoògùn ni ó yàn, ní yunifásítì tí ó ka Kwara sí àdúgbò. Ní ọdún náà, 283 ni ó gbà. Ẹ ṣe àkíyèsí rẹ̀: ó fi máàkì mẹ́jọ dín sí ti ìṣáájú. Ó sì wọlé.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má ṣe gbọ́ ìtàn yìí kí ẹ wí pé tíṣà ní kí a má fojú sí ohun gíga. N kò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe dókítà ní tòótọ́, kí ó fi gbogbo agbára rẹ̀ wá a. Bí kò bá rí i ní ọdún kan, kí ó tún un ṣe. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ó mọ ohun tí ó ń wá, kí ó sì mọ iye àwọn tí wọ́n jọ ń wá a. Nítorí èyí, n ó fún yín ní ìmọ̀ràn mélòó kan.

Ẹ rí i pé iṣẹ́ mẹ́rin tí ẹ yàn nínú ìdánwò JAMB bá ẹ̀kọ́ tí ẹ fẹ́ kà mu. Ẹni tí ó ń lọ fún ìṣègùn gbọ́dọ̀ ṣe èdè Gẹ̀ẹ́sì, bàọ́lọ́jì, kẹ́mísìrì àti físíìsì. Bí ó bá fi iṣẹ́ mìíràn rọ́pò ọ̀kan nínú wọn, máàkì rẹ̀ ìbáà ga dé ọ̀run, kò ní ràn án lọ́wọ́. Ẹ ka ìwé dáadáa fún WAEC tàbí NECO, nítorí pé ẹni tí kò bá ní kírẹ́díìtì márùn-ún nínú àwọn iṣẹ́ tí ó yẹ, kò tíì dé ẹnu ọ̀nà rárá. Bí èsì WAEC bá jáde, ẹ rí i pé a ti fi ránṣẹ́ sí JAMB pẹ̀lú. Láti ọdún 2017 ni a ti ń ṣe ìgbaniwọlé lórí ẹ̀rọ JAMB tí wọ́n ń pè ní CAPS. Ẹni tí èsì rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀ dà bí ẹni tí kò ṣe ìdánwò. Ibẹ̀ kan náà ni ẹ ó ti máa wò ó bí wọ́n bá fún yín ní àyè, ibẹ̀ ni ẹ ó sì ti sọ bóyá ẹ gbà á tàbí ẹ kò gbà á. Ọmọ tí ó mọ̀wé tí ó sì sùn lórí èyí, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi ti ilẹ̀kùn.

Ẹ má ṣe kọ ohun kan náà sí ibi kìn-ín-ní àti ibi kejì. Yunifásítì tí èrò pọ̀ sí kì í sábà wo ẹni tí ó fi í ṣe ìkejì. Nítorí náà, ẹ fi ibi kejì sí ibi tí ó yàtọ̀ ní tòótọ́. Ní ìpínlẹ̀ Kwara nìkan, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwara ti wà ní Màlété láti ọdún 2009, Yunifásítì Al-Hikmah sì ti wà ní Ìlọrin láti ọdún 2005. Ọ̀nà tún wà fún ẹni tí ó bá ṣe ìdánwò IJMB tí ó sì yege, láti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún kejì ní yunifásítì; ẹni tí ó jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe pẹ̀lú èsì rere náà lè gba ọ̀nà bẹ́ẹ̀ wọlé.

Àwọn àgbà Ìlọrin a máa pa á ní ìtàn pé òkúta kan tí a fi ń lọ irin ni ìlú náà ti gba orúkọ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ẹ ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kò yàtọ̀ sí òkúta náà. Irin tí a bá lọ tí ó sì mú, kì í ṣe igi kan ṣoṣo ni a lè fi gé. Bí igi kan kò bá dé ọwọ́ rẹ, irin náà kò kú nítorí rẹ̀.

Ọmọbìnrin tí mo sọ ìtàn rẹ̀ wá kí mi ní ìsinmi tí ó kọjá. Bí ó ti ń wọlé, mo fẹ́ pè é ní orúkọ àtijọ́ náà, mo sì mú un jẹ́ẹ́. Orúkọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ni mo fi pè é.

ÀLÀYÉ Ọ̀RỌ̀

Olódo: ẹni tí kò rí nǹkan kan gbà nínú ìdánwò.
Fíìfíì: púpọ̀púpọ̀, lọ́nà tí ó hàn gbangba.
Èrú: ìwà àrékérekè, ojúsàájú ní ìkọ̀kọ̀.
Ẹkùn: apá kan nínú orílẹ̀-èdè kan.
Òpó: àyè tí a fi ìlà pín láti òkè dé ìsàlẹ̀ ìwé.
Ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe: ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí a ti ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti iṣẹ́ ẹ̀rọ.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni ònkọ̀wé fẹ́ kí a mọ̀ nígbà tí ó lo òwe “ọ̀nà kan kò wọ ọjà”?
2. Kí ni ó fà á tí ọmọbìnrin náà kò fi jáde ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ?
3. Ṣe àlàyé ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín máàkì àti ipò, gẹ́gẹ́ bí àyọkà yìí ti sọ ọ́.
4. Dárúkọ ìpín mẹ́ta tí a ń pín àyè sí, kí o sì sọ iye tí ó wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú 100.
5. Kí ni ó fà á tí ẹni tí ó gba 283 fi wọlé, nígbà tí òun kan náà gba 291 tí kò wọlé?
6. Àṣìṣe wo ni ònkọ̀wé jẹ́wọ́ pé òun ṣe? Ǹjẹ́ o rò pé òun nìkan ni ó ṣe é?

ÀRÒKỌ

Yan ọ̀kan nínú orí ọ̀rọ̀ méjì yìí, kí o sì kọ àròkọ tí kò dín ní ojú ewé méjì lé e lórí:
(a) Máàkì nìkan ni ó yẹ kí a máa fi gba ọmọ wọ yunifásítì. Sọ èrò rẹ, kí o sì mú òtítọ́ méjèèjì tí ó wà nínú àyọkà yìí dání.
(b) Iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣe bí mo bá dàgbà, àti ẹni tí ó kọ́kọ́ fi í sí mi lọ́kàn.